Ọmọ ọdún 54 ni mí, wọ́n ní Alzheimer's ló mú mi: ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ bá mi dá sí i

TisaMaths_Ikere

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mò ń sọ ọ́, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, torí lẹ́tà orí fóònù ti ń wọnú ara wọn lójú mi. Tíṣà mátíìsì ni mí ní sẹ́kọ́ńdìrì kan nítòsí Ìkẹ́rẹ́ níbí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí kì í ṣe ìgbàgbé rárá, ìyẹn ni ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè fura. Ìṣirò ni. Mo dúró níwájú bọ́ọ̀dù, ìṣirò tí mo ti ń kọ́ àwọn SS2 láti ìgbà tí mo ti gbaṣẹ́, mo kọ ìlà méjì, ìlà kẹta ò wá mọ́, gbogbo kíláàsì dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Lẹ́yìn ìyẹn, tí n bá nawọ́ sí ife omi, ọwọ́ mi á gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Mo lọ ra awò ojú, mo tún pààrọ̀ ẹ̀, àwọn oníṣègùn ojú ní ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ìgbàgbé wá ń yọjú, màá bi ọmọ yìí pé ṣé ó ti jẹun, á dá mi lóhùn, kò ní pẹ́ màá tún bi í, mi ò sì ní mọ̀ pé mo ti bi í tẹ́lẹ̀ àfi tí mo bá wo ojú ẹ̀.

Dókítà àkọ́kọ́ ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí nǹkan oṣù obìnrin bá ń dúró. Èkejì ní ìrònú ọkọ mi tó kú ni, ó kọ oògùn oorun fún mi. Ó pẹ́ ká tó rí dókítà ọpọlọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n ní kí n ya aago, kí n fi ọwọ́ ẹ̀ sí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ya róbótó, mo wá kó gbogbo nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní Alzheimer's ni, àìsàn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, irú èyí tó ń mú èèyàn tí kò tíì darúgbó.

Ìbéèrè mi ni pé ta ni kí n sọ fún, báwo ni n ṣe máa sọ ọ́, torí lọ́dọ̀ wa níbí tí wọ́n bá ti gbọ́ pé iyè ẹnìkan ń ra, ẹni tó fi ṣe é ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Kí ló yẹ kí n ti parí báyìí tí mo ṣì mọ ohun tí mò ń ṣe? Àti àwọn ọmọ mi, ṣé wọn ò ní jogún ẹ̀?

Debo_Basiri

Ah, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo rò pé àwọn àgbàlagbà tó ti ń ṣarán nìkan ló ń ṣe o. Màmá tèmi jù yín lọ dáadáa, wọ́n ṣì ń tajà l'Ọ́jà Bísí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé wa.

Noosi_Ido

Tíṣà wa, ẹ kú ìrọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni mí.

Debo, obìnrin tí wọ́n tipasẹ̀ ẹ̀ mọ àìsàn yìí gan-an ò darúgbó. Auguste Deter lorúkọ ẹ̀, ará Jámánì, ọmọ ọdún 51 ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ọsibítù ní Frankfurt lọ́dún 1901, ibẹ̀ ni dókítà Alois Alzheimer ti rí i. Nígbà tó kú ní 1906, dókítà yìí yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, ó rí nǹkan tó ṣù jọ káàkiri inú ẹ̀, ó tún rí àwọn fọ́nrán tó lọ́ pọ̀ mọ́ra. Èyí tó ṣù yẹn ni wọ́n ń pè ní amyloid lónìí, èyí tó lọ́ pọ̀ ni tau. Ọpọlọ á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ níbi tí wọ́n bá wà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé 65, ti ọ̀dọ́ la máa ń pè é. Kì í wọ́pọ̀ bíi ti àgbà, àmọ́ ẹni 50 ọdún lè ní i, ẹni 40 náà lè ní i.

Ọ̀rọ̀ ife yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra awò ojú lásán. Nínú àgbà, ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ohun tuntun sí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, ìdí nìyẹn tí ìgbàgbé fi máa ń ṣáájú. Nínú ẹni tí kò tíì darúgbó, ó lè gba ibòmíì wọlé: ẹ̀yìn ọpọlọ tó ń túmọ̀ ohun tí ojú rí, tàbí ibi ìṣirò, tàbí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Ojú mọ́ kedere, ọpọlọ ni ò mọ ohun tó máa fi ohun tí ojú kó wá ṣe. Irú ẹ̀ ló ṣe Terry Pratchett, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ó sọ fáyé ní 2007 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 59. Kò dáwọ́ ìwé kíkọ dúró o, nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè tẹ̀wé mọ́, ó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu, bí ẹ̀yin náà ṣe ń ṣe báyìí.

Mo fẹ́ bi yín mà: ṣé wọ́n yẹ tairọ́ọ̀dì yín, ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, wò, àti vitamin B12, HIV, syphilis? Ṣé wọ́n rí i dájú pé ẹ̀jẹ̀ ò dà sí abẹ́ agbárí, pàápàá tí ẹ bá ti ṣubú rí? Gbogbo ìyẹn lè mú kí èèyàn máa gbàgbé, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Ẹ tún wo àwọn oògùn tí ẹ ń lò, oògùn oorun, Piriton, promethazine, wọ́n máa ń da orí ẹni tó ti ní ìṣòro yìí rú sí i.

Adunni_OkeAdura

Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti ọsibítù lọ. Tíṣà tó ti fi ìṣirò jẹun láti ìgbà èwe, kó dédé sá lọ lórí ẹ̀? Kì í ṣe ojú lásán. Àìsàn òyìnbó ni wọ́n ń pè fún yín yẹn, àwọn bàbá wa ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ àwọn tó máa bá yín dúró lórí òkè, ẹ gbé ara yín wá, ẹ sùn síbẹ̀ díẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́ mà, láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín ni mo ti ń dárúkọ yín nínú àdúrà.

Egbon_Omuo

Àǹtí Àdùnní, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ ti àbúrò mi.

Dẹ́rẹ́bà ni, Ọ̀mùò sí Èkó ló ń ná. Kò tíì pé 50 ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ọ̀nà ládùúgbò tí wọ́n bí i sí. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ní ìyàwó ẹ̀ ni. Wọ́n lé obìnrin yẹn jáde tòun tọmọ, wọ́n wá gbé àbúrò mi lọ sí ilé àdúrà kan, torí pé ó máa ń dìde rìn lóru wọ́n fi ṣéènì dè é lẹ́sẹ̀, ààwẹ̀ sì ni wọ́n fún un dípò oúnjẹ. Ìgbà tá a fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, egbò ti yí ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ká, kò mọ orúkọ mi mọ́. Ìyàwó tí wọ́n lé yẹn náà ló padà wá o. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ títí tó fi kú, kò sì sí ẹnìkan nínú àwọn àgbà yẹn tó bẹ̀ ẹ́ títí dòní. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Ẹ máa gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Kí wọ́n wá gbà á nínú pálọ̀ tíṣà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò nílé ẹ̀. Tíṣà, ní ti ẹni tí ẹ máa sọ fún: ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́, kí ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí pa pọ̀ níjọ́ kan náà, kí ìwé dókítà wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ni wọ́n máa ń fi èpè àti àjẹ́ sí.

Omowe_Oye

Lórí "àìsàn òyìnbó" yẹn. Ọdún 1992 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n University of Ibadan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun tó ti dolóògbé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ti Indianapolis l'Ámẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹ̀ ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Ojúlé dé ojúlé ni, àwọn Yorùbá tó ti pé 65 sókè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, lédè Yorùbá. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé lọ́dún kan, Alzheimer's ń bẹ̀rẹ̀ lára bíi 1.15 nínú 100 àwọn Yorùbá yẹn, ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis jẹ́ 2.52. Tiwa kéré lóòótọ́, àmọ́ ó wà, inú agboolé ni wọ́n ti rí wọn, kì í ṣe ọsibítù. Tó bá jẹ́ àgbà a máa ní arúgbó ló ń dà á láàmú, tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ a máa ní àwọn ayé ni. Kò sí bí àwọn bàbá wa ò ṣe ní mọ̀ ọ́n, wọn ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

TisaMaths_Ikere

Mo ti ní kí ọmọ kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo tún ní kó kà á. Ẹ ṣé gan-an. Nọ́ọ̀sì, wọ́n ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò, tairọ́ọ̀dì, B12, ẹ̀jẹ̀, kò sí èyí tó bà jẹ́ níbẹ̀, dókítà ọpọlọ sì ti gba oògùn oorun yẹn lọ́wọ́ mi. Àǹtí Àdùnní, ẹ má dákẹ́ àdúrà o, mo nílò ẹ̀, àmọ́ ilé mi ni màá máa sùn. Egbon Omuo, mo sunkún lórí ìyàwó àbúrò yín.

Iyán ń yà mí lẹ́nu. Mo lè gbé omi kaná kí n gbàgbé ẹ̀ títí ó fi gbẹ, àmọ́ tí wọ́n bá ti kó iṣu sínú odó, tí mo di ọmọ odó mú, kò sí kókó nínú iyán mi. Kí ló fa ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ́nà Ìgbàrà-Odò, rísíìtì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Àbúrò ọkọ mi ti ń béèrè ẹ̀ ṣáá láti ìgbà tí ó ti gbọ́ pé ara mi ò yá.

Loya_Ajilosun

Ẹ kú ìnira mà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi.

Òfin ò wo orúkọ àìsàn. Ohun tó ń wò ni pé lọ́jọ́ tí ẹ buwọ́ lùwé, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe, ṣé ẹ mọ ohun ìní yín, ṣé ẹ mọ àwọn tó yẹ kó jogún yín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lè ṣe wíìlì, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́. Ẹ ní kí dókítà yẹ̀ yín wò ní àsìkò yẹn gan-an, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òye yín pé. Ẹlẹ́rìí méjì, kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń buwọ́ lù ú. Ọmọ tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, torí ohun tí ẹ fún un lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀ ni power of attorney, ìwé tí èèyàn fi ń fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ òun. Wọ́n á ní àwọn ti fún ọmọ láṣẹ, ó parí. Irú èyí tó wọ́pọ̀ yẹn lè má níṣẹ́ mọ́ lójú òfin tí ẹni tó fúnni láṣẹ bá ti pàdánù òye ẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ọmọ nílò ẹ̀ jù. Ẹ bá lọ́yà yín jókòó lórí ìyẹn nìkan.

Ti ilẹ̀, tí ọkọ yín ò bá ṣe wíìlì, rísíìtì nìkan ò tó. Ẹ lọ sí ẹ̀ka probate ní kóòtù gíga l'Ádó, ẹ gba lẹ́tà tó fún yín láṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, kí ẹ fi ọmọ yín tó ti dàgbà kún un. Ti báńkì, ẹ ṣe é kó jẹ́ pé ọmọ méjì gbọ́dọ̀ jọ buwọ́ lù ú kí owó tó jáde. Ẹ já ìpè ẹnikẹ́ni tó bá ń béèrè OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, àwọn olè yẹn mọ ẹni tí wọ́n ń wá.

IyaIbeji_Ijero

Tíṣà, ẹ dákun, ṣé ẹ ti gbìyànjú ìsọ̀yè? Bàbá bàbá mi máa ń ṣe é fún àwọn ọmọ iléèwé, ó máa ń jẹ́ gan-an.

Debo_Basiri

Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tíì dáhùn ti àwọn ọmọ o. Ṣé àrànmọ́dìí ni?

Noosi_Ido

Ti iyán ná: ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ohun tí ọwọ́ ti mọ́ra sí yàtọ̀ sí ibi tó ń tọ́jú ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí àìsàn yìí tó débẹ̀. Ẹ máa gún un lọ mà, kí ẹnìkan ṣáà dúró ti iná.

Ti àwọn ọmọ: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ní ti ọ̀dọ́ yìí, kì í ṣe jíìnì kan ṣoṣo, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, ló fà á. Àwọn ẹbí díẹ̀ wà tó jẹ́ pé òun ni, jíìnì mẹ́ta ni wọ́n mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, APP, PSEN1 àti PSEN2. Nínú irú ẹbí yẹn, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó lè gbà á, ó lè má gbà á. Èèyàn sábà máa ń fura tó bá jẹ́ pé bàbá tàbí ìyá, àti àwọn mọ̀lẹ́bí míì láti ìran dé ìran, ló ṣe ní àádọ́ta ọdún tàbí kí wọ́n tó pé bẹ́ẹ̀. Tíṣà, tí kò bá sí irú ẹ̀ nílé yín, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

Ìyá Ìbejì, mi ò ní bú ìsọ̀yè. Ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ pé ni wọ́n ń ṣe é fún kí ẹ̀kọ́ lè dúró, èyí tó ń ṣe tíṣà yàtọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ lo ohunkóhun, kí dókítà gbọ́ sí i ná, torí oògùn tí wọ́n ń lò. Donepezil, rivastigmine, galantamine, memantine, àwọn tó wà nìyẹn, wọn ò lè wo àìsàn náà sàn, wọ́n lè jẹ́ kí nǹkan rọrùn díẹ̀ fún ìgbà kan. Donepezil lè da inú rú, ó lè mú kí ọkàn máa rọra lù jù, ó lè mú àlá burúkú wá, tí àlá bá pọ̀ ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀. Lecanemab tí ẹ̀ ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2023, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń fún, ó ń dín eré àìsàn kù díẹ̀ ni, ó sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọpọlọ (MRI) léraléra fún ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó bá ní òun ní oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, owó yín ló ń wá.

Iyawo_Efon

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ níbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ọkọ mi ni tèmi, káfíńtà ni, kò tíì pé 60 nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ó ti gbé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi í sílẹ̀, ó wá ku Yorùbá, nígbà tó yá ó di èdè Ẹ̀fọ̀n tí ìyá ẹ̀ ń sọ. Àwọn ọmọ tá a bí s'Ékòó ò gbọ́, mo ní kí wọ́n kọ́ ọ, kíá ni wọ́n sì kọ́ ọ, torí ó máa ń fara balẹ̀ tó bá ti gbọ́ ọ. Tíṣà, ẹ máa fi Èkìtì bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí.

Àṣálẹ́ ló le jù. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á ní òun ń lọ sí ulé, inú ulé ọ̀hún ló sì jókòó sí. Mi ò kì í bá a jiyàn. Màá ní kó jẹ́ ká jẹun ná ká tó máa lọ, màá tan iná kí ojú ilé mọ́ kedere, màá gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ̀, ọ̀rọ̀ orin yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu ẹ̀ títí dòní. Mo rán nọ́ńbà fóònù mi sínú ọrùn gbogbo ẹ̀wù ẹ̀. Mo lọ bá àwọn ọlọ́kadà ní gáréèjì, mo fi fọ́tò ẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n ti dá a padà fún mi rí láìgba kọ́bọ̀. Ẹ má fi í pa mọ́, àdúgbò tó bá mọ̀ ló máa bá yín ṣọ́ ọ.

TisaMaths_Ikere

Ọmọ wọn nìyí, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, màmá ti sùn. Mo wà ní 300 level ní EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà l'Ábújá, ó ń fowó ránṣẹ́, ó ní kí n dá iléèwé dúró kí n lè jókòó ti màmá, ó ní obìnrin ni mí, èmi ló yẹ. Màmá ò mọ̀ sí i. Mi ò sùn dáadáa mọ́, tí mo bá wà ní lẹ́kíṣọ̀ gáàsì ni mò ń rò. Ẹ̀yin àǹtí mi, kí ni kí n ṣe?

Iyawo_Efon

Má dá a dúró o, ọmọ mi. Àìsàn yìí kì í ṣe ti oṣù kan, ó lè gba ọdún mẹ́jọ, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá lo gbogbo agbára ẹ tán nísinsìnyí tí màmá ẹ ṣì ń wẹ̀ fúnra wọn, kí lo máa lò tó bá le? Owó tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń fi ránṣẹ́ yẹn, kó fi kún un, kí ẹ gba obìnrin kan tó máa wà pẹ̀lú wọn láti àárọ̀ títí tó o fi máa dé. Kí òun náà máa wá nígbà ìsinmi, kó wẹ ìyá ẹ̀. Ọmọ ọkùnrin lè wẹ ìyá ẹ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Egbon_Omuo

Ohun tí àǹtí sọ gan-an ni. Fi nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Gáàsì yẹn náà, ẹ gbé sílíńdà síta, kí ẹ máa ti fáàfù ẹ̀ pa látìbẹ̀ tí ẹ bá ń jáde.

TisaMaths_Ikere

Èmi tíṣà rèé. Ọmọ mi ti ka gbogbo ẹ̀ fún mi, àti èyí tó kọ nígbà tí mo sùn. Kò ní dá iléèwé dúró, mo ti pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fúnra mi.

Mo ti sọ fún ẹbí. Mo pè wọ́n sí pálọ̀, àbúrò ọkọ mi náà wà níbẹ̀, mo fi ìwé dókítà hàn wọ́n, mo sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ṣe mí, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ẹnìkan, ẹnu èmi kọ́ ló ti gbọ́ ọ. Mo sọ fún prínsípà pẹ̀lú. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ ìwé tó máa lọ sí mẹ́díkà bọ́ọ̀dù, àwọn dókítà tó ń wò bóyá òṣìṣẹ́ ṣì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ kó tó débẹ̀ kí n máa jókòó pẹ̀lú àwọn tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí n máa sọ fún wọn bí èèyàn ṣe ń mú ọmọ tí mátíìsì ń bà lẹ́rù. Ìyẹn ò tíì kúrò lórí mi.

Lọ́yà, a fẹ́ wá sí Adó lọ́jọ́bọ̀ nítorí ilẹ̀ yẹn àti wíìlì. Kí ni kí á kó dání?

Loya_Ajilosun

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun mà. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú olóògbé, ìwé ìgbéyàwó yín, rísíìtì ilẹ̀, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìdánimọ̀ yín àti ti ọmọ tó máa wà nínú ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ọpọlọ bóyá wọ́n lè kọ lẹ́tà yẹn l'ọ́jọ́rú. Ẹ wá ní àárọ̀ kùtù nígbà tí ara yín bá fúyẹ́, ká parí ti wíìlì ká tó lọ sí probate.